Àbàwọ́n tí kì í yún, tí kì í dunni: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti bẹ́ ẹ ò ṣe ní jẹ́ kó ràn nínú ilé

Tántì mi ń yan gàrí lágbo ilé wa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, lọ́jọ́ kan, àwa tá a jókòó nítòsí ń gbóòórùn ẹran tó ń jó, a rò pé àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ló ń sun nǹkan, àfìgbà tí ọmọ kékeré kan pariwo pé "Ìyá, ọwọ́ yín!" Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì wọn ló fara ti etí agbada, ó ti bó, wọn ò mọ̀. Wọn ò tiẹ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ó ti tó ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn tí àbàwọ́n kan ti wà lẹ́yìn apá wọn. Gbogbo ilé ní làpálàpá ni. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, wọ́n fi kírímù ọjà pa á, wọ́n gbé e lọ síbì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tó wò ó níbẹ̀ ò fọwọ́ kàn án rárá, ó kàn ní kí wọ́n lọ ra kírímù míì. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, ẹni tó bá fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ tó ń ṣe yẹpẹrẹ la máa ń fi bá wí, àmọ́ nílé tiwa kì í ṣe òwe, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, kẹ́ni tó bá rí irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀ tàbí lára ọmọ ẹ̀ mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe àti èyí tó máa tẹ̀ lé e.

Kí ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀tẹ̀ ṣeé wò, ó sì ń lọ pátápátá. Kòkòrò ló ń fà á. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe pé ẹnì kan da nǹkan sójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àjogúnbá. Dókítà ará Norway kan tó ń jẹ́ Gerhard Armauer Hansen ló rí kòkòrò náà lọ́dún 1873. Kòkòrò yìí lọ́ra gan-an, ó lè wọ ara èèyàn lónìí kó máà fi àmì kankan hàn títí ọdún márùn-ún, ó tiẹ̀ máa ń tó ogún ọdún lára ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó lè nàka sí lágbájá pé ọwọ́ ẹ̀ lòun ti kó o. Ibi tó sì ti máa ń ṣọṣẹ́ jù ni iṣan, èyí tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí pé ẹ̀gún gún wa. Ìrora ló máa ń lé wa jáde nílé lọ wá ìwòsàn, ẹ̀tẹ̀ wá jẹ́ àìsàn tó kọ́kọ́ ń pa ìrora.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ara wò

Ojúmọmọ ni o, kì í ṣe abẹ́ iná lálẹ́. Ẹ bọ́ aṣọ, kẹ́ni tẹ́ ẹ fọkàn tán bá yín wo ẹ̀yìn, ìdí, ẹ̀yìn apá àti ẹ̀yìn itan, torí ojú yín ò lè débẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá ni àbàwọ́n tó mọ́ ju ara yòókù lọ díẹ̀ tàbí tó pupa rúsúrúsú bíi bàbà, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè pọ̀. Làpálàpá máa ń yún, ó máa ń ní ìpẹ́, etí ẹ̀ máa ń ga. Ara tó bó funfun báláú bí ẹfun, àmọ́ tó ṣì mọ̀ tọ́wọ́ bá kàn án, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ nìyẹn. Ti ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún, àárín ẹ̀ lè gbẹ, irun orí ẹ̀ lè re, tí oòrùn bá mú yín lóko tí gbogbo ara ń làágùn, ojú ibẹ̀ lè gbẹ táútáú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ mú òwú díẹ̀, ẹ lọ́ ọ kó ní ṣónṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ara tó dá kẹ́ni náà mọ bó ṣe ń rí. Lẹ́yìn náà kó dijú, kó máa fi ìka kan ibi tó bá ti mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun. Ẹ kàn án nínú àbàwọ́n, ẹ kàn án níta, ẹ má ṣe tò ó tẹ̀ léra kó má baà mọ ibi tó kàn. Ẹ má sì béèrè pé "ṣé o mọ̀ ọ́n lára?" torí ẹni tẹ́rù bá ń bà á sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Tó bá ń nàka síbi tó dá àmọ́ tí kò nàka rárá nígbà tẹ́ ẹ kan àárín àbàwọ́n, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí iná dán an wò, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, egbò ibi tí kò mọ ìrora máa ń pẹ́ kó tó jiná.

Àwọn àmì míì tẹ́ ẹ máa wò: etí tó wú kókókó, irun òkè ojú tó ń re látẹ̀gbẹ́ ìta, ìka tó kéré jù tí kò ṣeé nà dáadáa mọ́, sálúbàtà tó ń bọ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn lójú ọ̀nà tí kò mọ̀, ojú tí kò pa dé tán téèyàn bá sùn. Ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ níbi kòtò tó wà lápá inú, ibi tó máa ń ta wá jìnnìjìnnì tá a bá fi gbá nǹkan, iṣan kan gba ibẹ̀ kọjá, tó bá ti nípọn bí okùn tàbí tó ń dunni, àmì nìyẹn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti agbègbè wa yìí gan-an. Ọgbẹ́ Buruli wà ní apá Pọ́bẹ̀ àtàwọn abúlé odò Wẹ̀mẹ̀. Kókó tí kì í dunni lòun náà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó là di egbò ńlá. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀tẹ̀, oògùn wọn ò sì rí bákan náà, àmọ́ kẹ́ ẹ má da ara yín láàmú láti mọ èwo ni èwo nílé, ẹ ṣáà lọ, àwọn tó ń wo ọ̀kan ló sábà ń wo èkejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tẹ́ ẹ máa gbé e lọ

Centre de santé arrondissement yín, ìyẹn ilé ìlera àdúgbò yín, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, tàbí kẹ́ ẹ bá relais abúlé yín sọ̀rọ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá ilé ìlera ṣiṣẹ́ láàárín ará abúlé. Ẹ má kàn sọ pé "ara ń yún mi" torí kírímù ni wọ́n máa fún yín. Ẹ sọ ọ́ ní kedere pé ẹ ní àbàwọ́n tí kò mọ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ sì fẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀tẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ Faransé lẹni náà ń sọ, lèpre lorúkọ ẹ̀. Tí kò bá fọwọ́ kan àbàwọ́n yẹn, tí kò fi òwú dán an wò, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é, tó bá kọ̀ kẹ́ ẹ lọ síbòmíì, mo sọ èyí torí ohun tójú wa rí.

Àwa ará Kétu wà nínú agbègbè ìlera kan náà pẹ̀lú Pọ́bẹ̀ àti Adja-Ouèrè, Pọ́bẹ̀ sì ni ilé ìwòsàn tí àjọ Raoul Follereau kọ́ fún ẹ̀tẹ̀ àti ọgbẹ́ Buruli wà, CDTLUB ni wọ́n ń pè é. (Raoul Follereau yìí, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, òun ló dá ọjọ́ àwọn tó ní ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1954, Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù January.) Ẹ̀yin ará Sábẹ̀ẹ́ àti ará Àjàṣẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé darí yín síbi tí wọ́n ti ń wo ẹ̀tẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀ ò nílò ẹ̀rọ ńlá. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, nígbà míì wọ́n á rẹ́ awọ etí díẹ̀ kí wọ́n fi wo kòkòrò. Oògùn ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, láti 1995 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ń rí sí i pé ó dé gbogbo orílẹ̀-èdè láìgba owó lọ́wọ́ aláìsàn. Owó zémidjan (ọ̀kadà) àti oúnjẹ ọjọ́ yẹn lẹ máa wá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó oògùn ẹ̀tẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oògùn lílò

Wọ́n máa ka àbàwọ́n. Tí kò bá ju márùn-ún lọ tí wọn ò sì rí kòkòrò nínú awọ tí wọ́n rẹ́, oṣù mẹ́fà. Tó bá ju márùn-ún lọ tàbí wọ́n rí kòkòrò, oṣù méjìlá. Oògùn mẹ́ta ló wà nínú páálí náà, rifampicin, clofazimine àti dapsone, páálí kan sì jẹ́ ti ọjọ́ 28. Lọ́jọ́ kìíní ẹ máa gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì níwájú nọ́ọ̀sì, ọjọ́ 27 yòókù nílé, clofazimine àti dapsone nìkan. Àwọn ọmọdé ní páálí tiwọn, ẹ má pín ti àgbà fún wọn o.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Dapsone nìkan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ọdún lórí ọdún, kòkòrò wá mọ̀ ọ́n débi tí kò fi ràn án mọ́, ìyẹn ni àjọ ìlera àgbáyé ṣe sọ lọ́dún 1981 pé kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ kí ọ̀kan lè pa èyí tí èkejì ò bá pa. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì torí àbàwọ́n ti ń parẹ́, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò bó ṣe máa sá fún oògùn.

Ẹ máa rí nǹkan tó lè dẹ́rù bà yín, kẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Ìtọ̀ á pupa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lo rifampicin, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ara á dúdú sí i, á sì gbẹ, clofazimine ló fà á, ó máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá parí. Èyí ló dun Tántì mi jù, torí àwọn èèyàn ń bi wọ́n lọ́jà pé kí ló ṣe ojú wọn, wọ́n fẹ́ẹ̀ dá a dúró, àwa la jókòó tì wọ́n. Àmọ́ tí gbogbo ara bá sú tó sì ń yún, tójú bá pọ́n bí ìyeyè, tí ara bá funfun tó ń rẹni ṣáá tí èémí ò sì délẹ̀, ẹ má lò ó mọ́ títí ẹ fi máa dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Aboyún àti ìyá ọlọ́mọ lè lò ó. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, torí rifampicin máa ń ba agbára ẹ̀ jẹ́, tàbí tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti SIDA (AIDS). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọdá sí Nàìjíríà lọ ṣòwò tàbí lọ ṣiṣẹ́ oko fún oṣù mélòó kan, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó lọ, wọ́n lè fún yín ní páálí tó máa tó yín lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá pàdánù ọjọ́ díẹ̀, ẹ padà síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kójú tì yín: páálí mẹ́fà yẹn ṣì gbà kó parí láàárín oṣù 9, méjìlá láàárín oṣù 18.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tí ara bá ṣàdédé gbiná

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Lẹ́nu oògùn, tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti parí ẹ̀ pàápàá, ara lè dojú ìjà kọ òkú kòkòrò tó kù nínú awọ. Àbàwọ́n tó ti ń lọ á wú, á pọ́n, iṣan ìgbọ̀nwọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ orúnkún á máa dunni, ọwọ́ tó ń di nǹkan mú lánàá ò ní lè dì í mú lónìí, ẹlòmíì á ní ibà pẹ̀lú kókó pupa tó ń dunni káàkiri ara, ojú lè pọ́n kó máa ro. Àwọn èèyàn á wá ní oògùn yẹn ló ń pa á, tàbí pé ayé ti gbọ́ pé ara ẹ̀ ń yá wọ́n ti dá a padà. Irọ́ ni. Ẹ má dá oògùn ẹ̀tẹ̀ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Oògùn kan tó ń jẹ́ prednisolone ni wọ́n máa fi tù ú, á gba oṣù díẹ̀, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Agbára ọwọ́ tó lọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ṣì lè padà, èyí tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ló ṣòro, ìka Tántì mi ò nà mọ́ títí dòní. Ẹ má ra prednisolone lórí igbá lọ́jà o, ẹ má sì dá a dúró lójijì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú

Oògùn á pa kòkòrò, àmọ́ ibi tó bá ti kú kò ní fi dandan jí. Èèyàn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sì mọ ẹ̀gún. Ìka tẹ́ ẹ rí tó kúrú lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ò gé e jábọ́, iná ló jó o, egbò ló kẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n lára wọn ò tọ́jú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí tí egungun fi ń tán. Ó ṣeé dènà.

Lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ bá ń ṣú tẹ́ ẹ ti oko tàbí ọjà dé, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọwọ́ wò, ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, ẹ má gbára lé ìrora. Tójú yín ò bá dé abẹ́ ẹsẹ̀, ẹ gbé díńgí sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè rẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ibi tó bá yi, ẹ fi òkúta ha á jẹ́jẹ́, kì í ṣe abẹ. Lẹ́yìn náà kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí àdí pa á kí omi yẹn má sá lọ, torí ara tó kú kì í làágùn, ó máa ń gbẹ, á là, ìdọ̀tí á gbabẹ̀ wọlé. Owó díẹ̀ lòrí lọ́dọ̀ wa, kò sídìí láti lọ ra nǹkan olóòórùn dídùn.

Bàtà: èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ le tí ẹ̀gún ò lè gún un yọ, tí inú ẹ̀ rọ̀, tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tí kò sì ní ìṣó. Sílípáàsì tí wọ́n ń fi ìka mú yẹn ò dáa fún ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan. Kẹ́ ẹ tó wọ bàtà, ẹ gbọn inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gun zémidjan, ẹ ṣọ́ irin tí èéfín ń gbà jáde, ó máa ń sun ẹsẹ̀ èèyàn láti Kétu dé Ìlara kó má mọ̀. Nídìí ààrò, ẹ wé aṣọ tó nípọn mọ́ ọwọ́ ìkòkò, ẹ lo igi rírò tó gùn, omi ìwẹ̀ kí ẹlòmíì tó mọ gbígbóná bá yín tọ́ ọ wò. Igbá tí Tántì mi fi ń ro gàrí nísinsìnyí, igi gígùn ni wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n sì jókòó jìnnà sí agbada. Tí ìléròrò bá yọ tàbí egbò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í, kẹ́ ẹ wá fún ẹsẹ̀ yẹn ní ìsinmi, ìsinmi gan-an ni oògùn ẹ̀, mo mọ̀ pé ó ṣòro lásìkò iṣẹ́ oko.

Ojú tí kò pa dé: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣẹ́ ẹ lóòrèkóòrè, ẹ dé fìlà tó ní etí lóòrùn, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Tó bá pọ́n, ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé

Atẹ́gùn imú àti ẹnu ẹni tí kò tíì lo oògùn ló ń gbé e, ó sì gba kẹ́ ẹ jọ wà pọ̀ pẹ́kípẹ́kí fún ìgbà pípẹ́. Ìbọ̀wọ́, àwo oúnjẹ, dídì mọ́ra, jíjókòó ti ara yín, kò sí èyí tó ń kó o ràn nínú wọn. Àwa tó pọ̀ jù lọ, ju 95 nínú 100 lọ, ara wa lágbára láti lé e dànù fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Torí náà ẹ má lé e lọ sábà oko, ẹ má ya igbá ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ má jó aṣọ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé sábà ò ní padà wá gba páálí kejì.

Ohun tó yẹ ni pé kí gbogbo ará ilé lọ fi ara wọn hàn, àtọmọ àtàgbà. Tí wọ́n bá yẹ̀ wọ́n wò tí wọn ò rí ẹ̀tẹ̀ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n lè fún ẹni tó bá ti pé ọdún méjì sókè ní rifampicin ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àjọ ìlera àgbáyé ló fọwọ́ sí i lọ́dún 2018. Kì í dènà ẹ̀ tán, àmọ́ ó ń dín ewu ẹ̀ kù tó bí ìdajì, ẹ béèrè bóyá ó wà níbi tẹ́ ẹ lọ. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń fún ìkókó náà ń ṣèrànwọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tuntun pàdánù ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ máa yẹ ara yín wò lọ́dọọdún fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, bí mo ṣe júwe ẹ̀ lókè yẹn, pẹ̀lú òwú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹnu wa náà. A máa ń sọ pé adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ó lè dà á nù. Ẹni tó tètè gba oògùn á fún wàrà, á yan gàrí, á ránṣọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ òwe yẹn nípàdé ẹbí níṣojú Tántì mi, wọ́n dìde wọ́n wọlé lọ, oṣù yẹn ni wọn ò sì fẹ́ lọ gba páálí. Ẹ kàn pe èèyàn lórúkọ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti parí páálí tó kẹ́yìn, ẹ tọ́jú káàdì ìtọ́jú yín. Kò wọ́pọ̀ kí ẹ̀tẹ̀ padà, àmọ́ tí àbàwọ́n tuntun bá yọ, tí iṣan bá tún ń dunni, tàbí tí ìka bá tún ń rọ, ẹ mú káàdì yẹn padà síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.